Ẹ Má Fi Orúkọ Ògún Bo Ìpakúpa: Ọ̀rọ̀ lórí Àgọ́ Ọdẹ ní Igbó Ore

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ògún Onírè. Ìbà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ìbà Ọ̀sanyìn. Mo júbà ẹ̀yin àgbà ọdẹ ilẹ̀ Odigbo kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn yín, ó sì kan gbogbo àwa tí à ń pe ara wa ní oníṣẹ̀ṣe. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èkù yìí, bí a kò bá fúnra wa gbẹ́ ẹ, kò sí ẹni tí yóò bá wa gbẹ́ ẹ.

Ẹnikẹ́ni tó bá gba màrosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní kọjá ní Ore ti rí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n so kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, títí dé ọ̀nà Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́: ẹtu, àgbọ̀nrín, ọ̀yà, òkété. Àwọn kan nínú àwọn tí ń pa wọ́n ń sùn nínú igbó ọba Oluwa àti àyíká rẹ̀ ní òru mẹ́ta, òru márùn-ún. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní iṣẹ́ Ògún ni àwọn ń ṣe, pé ìṣẹ̀ṣe ni. Mo ní irọ́ ni. Ìṣẹ̀ṣe ni kí ọdẹ sùn nínú igbó; irú oorun tí wọ́n ń sùn yìí kò sí nínú ìṣẹ̀ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ṣe rí. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ fi ojú ọ̀sán wá ibi tí ẹran ń jẹ: ìdí igi tí èso rẹ̀ ń já bọ́, tàbí ọ̀nà tí ipasẹ̀ àgbọ̀nrín gbà lọ sí odò. A kan ègùn rẹ̀ sórí igi, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ fún ẹran. Àgọ́ tí yóò sùn kì í sí nítòsí ibẹ̀. Kò ní dáná lẹ́bàá ègùn, kò ní fa tábà, kò ní sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò ti gòkè, yóò sì dákẹ́ bí ẹni pé ara igi náà ló ti hù. Ọta ẹ̀ẹ̀kan ni ṣakabùlà rẹ̀ ń yìn. Kó tó ki òmíràn, gbogbo ẹran àyíká ti gbọ́, wọ́n ti sá. Nítorí náà, bí orí bá ṣe é ní ire, ẹran kan ni òru kan. Òfin ni. Inú irin ni òfin náà wà, Ògún ni ó sì ni irin.

Mo dé irú àgọ́ ti ìsinsìnyí, ilẹ̀ sì ṣú bá mi níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ mu omi gan-an ni wọ́n pa á sí. Ọ̀kadà mẹ́ta wà níbẹ̀, rédíò ń ké. Nígbà tó di òru, wọ́n so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun bí ọ̀sán. Bí iná bá bá àgbọ̀nrín lójú, a dúró gbagidi, ojú rẹ̀ a máa tàn yanran. Ẹni tó wà lẹ́yìn iná kò rí ju ojú méjì lọ. Kò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ó lóyún, bóyá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sínú koríko. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n la inú ọ̀kan, ọmọ wà níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni àgbọ̀nrín sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, oyún rẹ̀ a sì tó nǹkan bí oṣù 6. Ẹ bá mi ṣírò ohun tí òru márùn-ún bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ igbó.

Wọ́n ní Ògún ló ń bèèrè ẹ̀jẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí Ògún ń jẹ? Ajá ni, àti iṣu sísun, ẹ̀wà, ìgbín, epo, ẹmu. Ojúbọ Ògún wo ló ní kí a kó ẹtu mẹ́wàá wá láti inú igbó ní òru kan? Ọjà ni wọ́n ń ná. Kí wọ́n pè é ní ọjà.

Ẹ rántí ìtàn Ọya. Ọdẹ wà lórí ègùn, ó rí ẹfọ̀n (àwọn mìíràn ní àgbọ̀nrín ni) tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tó di obìnrin arẹwà, tó sì kọrí sí ọjà. Ẹ kíyè sí i pé ọdẹ náà kò yìnbọn. Ó kọ́kọ́ wò. Ká ní tọ́ọ̀ṣì òde òní ló wà lórí rẹ̀ ni, ì bá ti yìnbọn lu ojú méjì tó ń tàn, kì bá sì fẹ́ ìyàwó kankan. Ohun tí ìtàn náà ń kọ́ ọdẹ ni pé ẹni tó wà nínú awọ ẹran lè jẹ́ ìyá ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń yìnbọn kó tó wò kò gbọ́ ìtàn ilé baba rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé ọdẹ ló ba igbó jẹ́? Ta ló gé gẹdú?” Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló gé igbó àdáyébá ní Omo àti Oluwa, tó fi igi gmelina rọ́pò rẹ̀ nítorí iléeṣẹ́ bébà Ìwópìn. Ṣùgbọ́n bí olè bá kó ìdajì àká lọ, ṣé onílé yóò wá dáná sun ìdajì tó kù ni?

Àwọn mìíràn yóò ní ìṣẹ́ ló ń lé ọdẹ. Mo gbà. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù láti rà á ní ẹ̀gbẹ́ títì kì í ṣe tálákà, àwọn kan nínú wọn sì so ìlẹ̀kẹ̀ Ifá mọ́ ọrùn ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ní ẹ̀yìn. Ní 2020 ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, 2021, olóògbé Gómìnà Rótìmí Akeredolu pàṣẹ pé kí àwọn darandaran kúrò nínú àwọn igbó ọba ìpínlẹ̀ náà láàárín ọjọ́ 7. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́, nítorí a gbà pé ọmọ onílẹ̀ a máa tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ọmọ onílẹ̀ bá wá gbé ìbọn sùn nínú igbó láìní òfin kankan, ẹnu wo ni a ó fi lé àlejò jáde?

Ó ṣeé ṣe kí ìṣẹ̀ṣe dá igbó sí. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, a kì í dọdẹ, a kì í pa ẹja. Ọ̀wọ̀ òrìṣà ni ó ti ń ṣọ́ igbó náà kí UNESCO tó kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005.

Nítorí náà, mo ké sí ẹgbẹ́ ọdẹ ilẹ̀ Odigbo pé kí wọ́n gbé òfin kalẹ̀ níwájú Ògún: àgọ́ kò gbọdọ̀ sí lójú omi tàbí níbi tí ẹran ń jẹ, ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn lu ohun tí kò tíì dá mọ̀, aboyún àti abo tó ń tọ́ ọmọ di èèwọ̀, ẹran kan ni òru kan. Kí wọ́n yan àkókò kan nínú ọdún tí igbó yóò sinmi. Mo sì ké sí àwa tí à ń so ìlẹ̀kẹ̀ pé kí a má ra ẹran tí a kò mọ ọdẹ rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní Ògún ló rán òun, irin wà nílẹ̀. Kó wá fi ẹnu kàn án, kó búra. Gbogbo wa la mọ ohun tí irin ń ṣe fún òpùrọ́.

Àṣẹ.