Páàdì Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran ọmọbìnrin lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ni Ọjọ́ Ọmọbìnrin Lágbàáyé. Tó bá ti ń súnmọ́, àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń wá sí ilé ìwé. Wọ́n á pín páàdì, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Mi ò sọ pé páàdì ò dára o! Ó wọ́n, àwa tá a wà ní bọ́dìn la mọ̀. Àmọ́ páàdì á tán, ìmọ̀ kì í tán.

Ẹ wo Pearls Africa tí Abisoye Ajayi-Akinfolarin dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2012. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin Makoko níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, títí tí wọ́n fi lè ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fúnra wọn. Ní 2018, CNN kà á mọ́ akọni mẹ́wàá ọdún náà.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Màmá Funmilayo Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ wọn kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà l'Abẹ́òkúta ní ìwé kíkà. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n bá owó orí jà débi pé Aláké kúrò lórí oyè ní 1949.

Níbí náà, ìjọba Rivers ṣe òfin ní 2022 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ogún ìdílé du obìnrin. Mo bi àwọn mẹ́jọ ní yàrá wa, kò sẹ́ni tó mọ̀. Òfin téèyàn ò mọ̀, báwo ló ṣe máa lò ó?

Àwọn ọkùnrin kíláàsì wa ń bèèrè pé ṣé àwọn kì í ṣe ọmọ ni. Wọn ò jẹ̀bi. Kí wọ́n wá jókòó gbọ́ ọ pẹ̀lú wa, torí àwọn àtàwọn arábìnrin wọn ló máa jọ pín ogún lọ́la.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wá sí Rumuokwurushi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá lóṣooṣù fún odindi táàmù kan. Ẹ mú páàdì dání, ẹ mú ẹni tó mọ òfin àti ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dání pẹ̀lú. Àwa náà á jókòó, a ó sì kọ́ àwọn àbúrò wa nílé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.