Omi Ìfọ Fíìmù X-ray Kì í Ṣe Omi Gọ́tà

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti dírẹ́bà tó kán lẹ́sẹ̀ àti ará ilé-iṣẹ́ tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, X-ray ni wọ́n máa ń ní ká lọ yà. Níbi tí wọ́n bá ṣì ń fi kẹ́míkà fọ fíìmù rẹ̀, fàdákà ń bá omi ìfọ̀ náà lọ. Bí wọ́n bá dà á sí gọ́tà, ó lè dé kànga wa, ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀, fàdákà yìí ṣeé yọ, ó sì ṣeé tà! Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà kò fẹ́ omi, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, dísẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ máa mú fíìmù tí ẹ ti yà dání, kí wọ́n má baà tún òmíràn yà lásán. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní ọsibítù sì bi ọ̀gá wọn: níbo lẹ ń da omi náà sí?