Ẹ Má Jẹ́ Kó Kún Dẹ́nu Mọ́

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ó kún dẹ́nu o!" Láti Yábà dé Ojúẹlẹ́gba, kò sí ilé epo tí ẹ ò ti ní gbọ́ ọ. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá kò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ ní ẹ̀kán kan. Àwa ń sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tó bá gbé irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Tẹ́júoṣó, iná ló rà bọ̀.

Epo bẹntiróòlù máa ń wú bí ooru bá mú un. Bí ìgbóná bá fi dígírì 10 lé sí i, epo á fi nǹkan bí ìdá kan nínú 100 pọ̀ sí i. Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìyẹn tó ife tíì kan. Níbo ni ife kan yẹn fẹ́ gbà, bí kò ṣe ẹnu ìdérí? Èyí tó jáde kì í jókòó síbẹ̀. Á di afẹ́fẹ́ tó wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, á máa fà nílẹ̀ lábẹ́ káńtà, lábẹ́ òkìtì aṣọ, títí á fi bá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò pàdé. Òórùn tí imú yín ń gbọ́ yẹn, epo ni.

Bí ẹ bá ní àròsọ akẹ́kọ̀ọ́ ni, ẹ wo Buncefield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Géèjì táńkì ńlá kan há sójú kan, epo sì ń wọlé lọ. Swíìṣì tó yẹ kó dá a dúró kò ṣiṣẹ́, torí pé wọn ò fi ágádágodo kékeré kan sí i. Epo ṣàn lórí táńkì, ó di ìkùukùu, ó sì bú gbàmù ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2005. Ènìyàn 43 fara pa. Ẹnikẹ́ni ò kú, àárọ̀ Sunday ni. Ọjọ́ wo ni èrò ń dá ní Tẹ́júoṣó?

Wọ́n á ní NEPA ló fà á. Òótọ́ ni, ta ló ń ra epo bí iná bá wà? Ṣùgbọ́n NEPA kọ́ ló ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn á ní a ò ní rí iná. Àmín. Lẹ́yìn àmín ńkọ́? Iná jó ọjà yìí ní oṣù Kejìlá 2007, ó di 2014 kí tuntun tó ṣí. Ọmọ ìyá alánkárá á ti wọ yunifásítì, á ti jáde.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, àwọn tó ń gba owó ọjà ń dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n máa wo ẹnu kẹ́ẹ̀gì bí wọ́n bá ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì lé epo tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀ jáde. Ẹ̀yin oníbàárà ilé epo, lítà 24 ni kí ẹ rà sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Owó lítà kan tó kù, ẹ mú un relé.