Adìẹ Kì í Làágùn

   Àwọn kan nínú yín ti ń bèèrè lọ́wọ́ wa pé, ṣé lóòótọ́ ni a ń jẹ ilá àti ewédú tútù láàárín aṣálẹ̀, àti pé ẹ̀yìnkùlé wa ni ẹyin tí a ń jẹ ti ń wá? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe fáàrí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ojú ń tì wá láti sọ: àwa fúnra wa ni a pa adìẹ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí a sìn.

Ìlú Tucson ni a wà, ní ìpínlẹ̀ Arizona, nínú aṣálẹ̀ Sonora. Gbogbo òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan kò pé 300 mílímítà. Òjò Ìbàdàn tó bí ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Ní ti ooru, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1990, ó dé ìwọ̀n 47 Celsius ní ìlú yìí. Àwa mẹ́rin ni a jùmọ̀ háyà ilé kan tí ó ní ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àrùn ti pa adìẹ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, dọ́sìnì ẹyin kan sì di dọ́là 4.82 ní ìpíndọ́gba. A wo owó tí a ń gbà lóṣù, a wo iye ẹyin, a ní, "Ṣé àwa tí a dàgbà sáàárín adìẹ ni yóò máa ra ẹyin lówó gọbọi báyìí?" Onílé gbà fún wa, bí a kò bá ṣáà ti ní sin àkùkọ tí yóò máa kọ jí àwọn ará àdúgbò. Ni a bá ra àgbébọ̀ mẹ́rin, dúdú, oníyẹ̀ẹ́ kíkún.

A kọ́ ilé adìẹ gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n nílé: páànù lórí, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn kékeré kan nítorí olè àti ẹranko. A gbé e sí ibi tí kò sí igi, kí ó má baà gba ààyè ọgbà. A tún kọ ebè bí àwọn bàbá wa ti ń kọ ọ́, a gbin tòmátì, ata àti tẹ̀tẹ̀ sórí rẹ̀. Nígbà tí dígà wa kan nǹkan funfun kan tí ó le bí símẹ́ńtì nísàlẹ̀, a rò pé ẹni kan ló da símẹ́ńtì síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé. Àṣé ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni. Caliche ni wọ́n ń pè é: ẹfun ilẹ̀ tí ó ti para pọ̀, tí ó sì di òkúta. Omi kì í gbà á kọjá bọ̀rọ̀.

Àwọn ebè náà ló kọ́kọ́ dójú tì wá. Nílé, ebè ni ó ń gba irúgbìn lọ́wọ́ omi àpọ̀jù. Níhìn-ín, kò sí omi àpọ̀jù. Bí a bá bu omi lé ebè láàárọ̀, kí a tó ti kíláàsì dé, atẹ́gùn gbígbẹ ti fẹ́ ẹ gbẹ láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti orí. Iyọ̀ funfun a sì kù sórí rẹ̀. Tòmátì tanná, òdòdó rẹ̀ sì rẹ̀ dànù láìso. Bí ooru ọ̀sán bá ti kọjá bí ìwọ̀n 35, bẹ́ẹ̀ ni tòmátì máa ń ṣe.

Oṣù keje ọdún 2023 wá dé. Àwọn tí ó ń ka ìròyìn yóò rántí oṣù náà: ní Phoenix, tí ó wà ní àríwá wa, ọjọ́ 31 gbáko, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù keje, ni ooru fi dé ìwọ̀n 43 tàbí kí ó jù ú lọ lójoojúmọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo wa wà ní yunifásítì, nínú yàrá tí ẹ̀rọ ń mú tutù. A dé ilé ní nǹkan bí agogo mẹ́fà. Àwọn adìẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Wọ́n na ìyẹ́ wọn sílẹ̀, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n sì yí abọ́ omi ká. Omi wà nínú abọ́ náà. Nígbà tí a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná tó omi tí a fi ń fọ abọ́ ọlọ́ràá.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa ní, "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Òwe tí gbogbo wa ti ń pa láti kékeré ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó ṣí ìwé wò, a sì rí i pé adìẹ kì í làágùn rárá. Kò ní ihò òógùn lára. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń gbóná tó bí ìwọ̀n 41. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà ní ìwọ̀n 30, ooru lè ti ara adìẹ jáde. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá dé 43, ìta gbóná ju inú lọ, ooru a sì máa wọlé sí i lára. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó la ẹnu, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí omi ọ̀fun rẹ̀ máa gbẹ lọ kí ara lè tutù díẹ̀. Àwa sì ti tì í mọ́ inú páànù, níbi tí atẹ́gùn kò sí.

Síbẹ̀, òwe àwọn bàbá wa kò parọ́. Ìyà tí a kò rí ni wọ́n ń wí. Ìyàtọ̀ tiwa ni pé a rí i. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn adìẹ náà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí wọ́n gbé apá kúrò lára, tí wọn kò sì yé ẹyin. A ní, "Ooru ń mú wọn ni," a sì gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò ni. Ó rí wa níbi tí a ti ń wa ilẹ̀ láti sin wọ́n. Òun náà ń sin adìẹ, ooru kò sì pa ọ̀kankan nínú tirẹ̀ ní ọdún náà. Nígbà tí a bèèrè ohun tí a ṣì ṣe, ó ní láti ọjọ́ tí a ti kan páànù àkọ́kọ́ ni òun ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. A ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?" Ó ní òun rò pé àwa tí a wá láti yunifásítì yóò ti mọ ohun tí a ń ṣe. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju ikú adìẹ lọ. Oṣù mẹ́fà ni a fi ń kí ìyá náà lórí ọgbà, tí a kò bi í ní ìbéèrè kan. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Láti ìgbà náà ni a ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí a gbé ilé adìẹ lọ sábẹ́ igi mesquite tí ó wà ní igun ẹ̀yìnkùlé, nítorí òjìji igi tutù ju òjìji páànù lọ. Ó ní kí a fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká kí atẹ́gùn lè máa já gaara, kí a sì ri nẹ́ẹ̀tì náà mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí coyote, ẹranko tí ó jọ ajá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, máa ń wa ilẹ̀ wọlé lóru. A bo orí rẹ̀ pẹ̀lú nítorí àṣá. Omi mímu a máa wà nínú ìkòkò amọ̀ lábẹ́ igi, a ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ tí ooru bá le, a ó ju ìgò omi tí ó ti dì sínú rẹ̀. A máa ń wọ́n omi sí ilẹ̀ kí wọ́n lè dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tútù. A sì yan Leghorn, adìẹ funfun tí ara rẹ̀ fúyẹ́, tí ogbe rẹ̀ tóbi. Ogbe náà ni ooru ń gbà jáde.

Ní ti ọgbà, ìyá náà wo ebè wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a yí gbogbo rẹ̀ padà: kí a má kọ ilẹ̀ sókè mọ́, kí a gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Ó mú wa lọ sí Mission Garden, ọgbà kan ní ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Sentinel Peak, níbi tí wọ́n ti ń fi onírúurú oko àtijọ́ ìlú náà hàn. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ó ju 4,000 ọdún lọ tí àwọn ènìyàn ti ń dáko ní àfonífojì yẹn. Àwọn Tohono O'odham, tí ìtumọ̀ orúkọ wọn jẹ́ ará aṣálẹ̀, máa ń dáko sí ibi tí àgbàrá ti ń tú ká lẹ́yìn òjò. Ẹ̀wà kan wà tí wọ́n ń gbìn, tepary ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tètè so, omi díẹ̀ ló sì ń fẹ́. Àwọn Zuni ní New Mexico ẹ̀wẹ̀ a máa pín ilẹ̀ sí ihò kéékèèké onígun mẹ́rin, wọn a fi amọ̀ ṣe etí rẹ̀ kí omi má baà sá lọ. Ebè yẹ ilẹ̀ olómi. Kòtò ni ó yẹ ilẹ̀ gbígbẹ.

A fi dígà fọ́ caliche náà, a gbẹ́ kòtò, a da ilẹ̀ dúdú àti ajílẹ̀ sí i, a sì fi koríko gbígbẹ bo ojú rẹ̀. Láàárín kòtò kọ̀ọ̀kan ni a ri ìkòkò amọ̀ tí a kò fi ọ̀dà kùn mọ́ dé ọrùn. Bí a bá pọn omi kún un, omi a máa yọ díẹ̀díẹ̀ gba ara ìkòkò lọ sí gbòǹgbò ẹ̀fọ́. Ẹ rántí àmù tí ó ń bẹ ní igun yàrá ìyá wa àgbà, bí ara rẹ̀ ṣe máa ń tutù, tí omi inú rẹ̀ sì ń tutù bí ti inú ẹ̀rọ. Àmù ń làágùn ní tirẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe nílé náà ló ń ṣe níhìn-ín, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣe é.

Òjò pẹ̀lú ń wá. Ọjọ́ San Juan, 24 oṣù kẹfà, ni àwọn ará ìlú fi ń ṣàmì ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó máa ń rọ̀ títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀: mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóòró jẹ́ lítà omi kan. Nítorí náà, bí òjò mílímítà 25 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóòró, lítà 2,500 ni ó ń ṣàn lọ sójú títì. A fi gọ́tà darí tiwa sínú àgbá àti sínú àwọn kòtò.

Ní ọdún 2024 a tún bẹ̀rẹ̀. A gbin àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì nígbà òtútù, nítorí ìgbà òtútù aṣálẹ̀ dára fún wọn. Nígbà tí òjò oṣù keje dé, a gbin ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà wa àti ẹ̀wà tepary. Ooru tí ó lé tòmátì lọ ni ilá ń fi yọ̀. Àgbébọ̀ mẹ́fà ni a sìn ní ọdún náà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ẹyin dínkù nígbà tí ooru mú, ṣùgbọ́n ní ìgbà ìrúwé a ń kó mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Ìgbẹ́ wọn, tí a bá ti fi koríko àti omi sí i tí ó sì ti jẹrà dáadáa, ni ajílẹ̀ wa. Ẹ má da tútù rẹ̀ sí ẹ̀fọ́ o. Yóò jó o, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù fún irú ilẹ̀ yẹn, àrùn sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ sì máa fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kan adìẹ.

Ẹ̀yin tí ó bá wù láti gbìyànjú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè òfin ìlú yín lórí iye adìẹ tí a lè sìn. Ní Tucson, ilé ìkàwé ìjọba Pima County ti ń fún ènìyàn ní irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2012, bí ìgbà tí a bá yá ìwé; ẹgbẹ́ Native Seeds/SEARCH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, sì ń tọ́jú irúgbìn àwọn onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ bi ẹni tí ó ń gbé lẹ́yìn ọgbà yín. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a mọ̀ pé àwọn kan wà tí owó tàbí ẹ̀kọ́ ti sú, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ bò ó. Ẹ la ẹnu sọ fún wa. Àwa tí a bá sì rí ẹnìkejì wa tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí a má kàn sọ pé ooru ló ń mú un, kí a gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Ó di ìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run mú wa délé láyọ̀ o.