Ẹni Tí Ó Wá Ẹkùn Tí Kò Rí I

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa ẹni tí ó rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ wo nǹkan, tí ó dé ibẹ̀, tí kò sì fojú bà á? Ṣé òfo ni ìròyìn onítọ̀hún? Ní tèmi, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ní ọdún 1973, George Schaller, onímọ̀ nípa ẹranko, lọ sí agbègbè Dolpo ní orílẹ̀-èdè Nepal, láàárín àwọn òkè Himalaya, láti ṣèwádìí nípa àgùntàn igbó kan tí wọ́n ń pè ní bharal. Òǹkọ̀wé Peter Matthiessen bá a lọ. Ẹkùn orí òkè yìnyín ni ó ń pa àgùntàn yìí jẹ. Awọ rẹ̀ rí bí eérú, àmì dúdú sì kún un, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè máa wò ó kí ó rò pé òkúta ni. Matthiessen rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rí ìgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹkùn náà títí ó fi padà sílé. Nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀, The Snow Leopard, jáde ní 1978, kò fi èyí pamọ́. Orúkọ ẹranko tí kò rí ni ó fi pe ìwé náà. Bí ó bá purọ́ pé òun rí i, ta ni ìbá gun òkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìwà òtítọ́ yìí kan náà ni ẹ̀mí iṣẹ́ ìwádìí. Láti 1982, Rodney Jackson fi ẹ̀rọ rédíò sí ọrùn ẹkùn márùn-ún ní àfonífojì Langu, ní Nepal. Ohùn rédíò ni ó fi ń mọ ibi tí wọ́n wà lórí òkè tí ẹsẹ̀ kò lè tètè dé. Ní Íńdíà, láàárín 2019 sí 2023, àwọn olùṣèwádìí gbé kámẹ́rà sí ibi 1,971, wọ́n sì rin ọ̀nà tí ó tó kìlómítà 13,450 láti wá àmì ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́. Ẹkùn 241 ni kámẹ́rà yà. Láti inú èyí ni wọ́n ti ṣírò pé gbogbo wọn yóò tó 718. Ẹ kíyè sí i: wọn kò sọ pé àwọn rí 718. Wọ́n ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ṣírò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 2017, nígbà tí àjọ IUCN mú ẹkùn yìí kúrò ní ipò àwọn ẹranko tí ewu ìparun wọn pọ̀ gan-an, tí wọ́n fi í sí ipò tí ewu rẹ̀ dínkù díẹ̀, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ lórí bóyá iye tí a gbójú lé ṣeé gbára lé. Iye èké lè mú kí a dẹ ọwọ́ ààbò, kí ẹranko náà sì parun.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí irúgbìn rẹ̀ kò hù nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì yóò da iye ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ, nítorí ó mọ̀ pé "kò hù" kì í gba máàkì. Àwa olùkọ́ ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè ní ọ̀lẹ ni yóò fi èyí ṣe àwáwí. Rárá o. Ẹni tí kò lọ kò ní ipa ẹsẹ̀ kankan láti fi hàn. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè: ọjọ́ wo ni o gbìn ín? Omi mélòó ni o bu sí i? Bí ó bá lè dáhùn, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. "N kò rí i" tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju "mo rí i" tí ó jẹ́ irọ́ lọ.