Ẹ Jẹ́ Ká Kórè Ká Tó Dìbò

Ọ̀rọ̀ òní lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Láìkì àti ìràwọ̀ tí a fi ń wọn ara wa lórí fóònù yìí, òṣùwọ̀n èké ni. Ó ń sọ ẹni tí kò mọṣẹ́ di ọ̀gá, ó sì ń ba ọjà ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan béèrè pé ewé ẹ̀gẹ́ òun ń di yẹ́lò, ó sì ń ká kò. Kíá, ẹnì kan ti dáhùn pé kó lọ fín oògùn báyìí báyìí. Igba láìkì! Ó di alẹ́, àgbà àgbẹ̀ kan toko dé, ó ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn ewé bóyá kòkòrò funfun kéékèèké wà níbẹ̀, torí tó bá jẹ́ àrùn mọ́sáíìkì ni, kò sí oògùn tó lè wo igi yẹn sàn. Kí wọ́n fa èyí tó ń ṣàìsàn tu, kí wọ́n sì wá igi tó mọ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Láìkì mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ta ni ẹni tó béèrè máa tẹ̀ lé? Owó oògùn ti lọ, àrùn ṣì wà lóko.

Ẹ̀gẹ́ ń lo oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá kí a tó wú u. Ìbò tiwa ti parí láàárín wákàtí kan. Kí la wá ń dìbò lé lórí? Ẹnu dídùn ni, àti ẹni tó tètè dé.

Kì í ṣe àròsọ lásán ni mò ń sọ. Lọ́dún 2013, Lev Muchnik, Sinan Aral àti Sean Taylor gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Nínú ọ̀rọ̀ tó lé ní 100,000 táwọn èèyàn kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣa àwọn kan láìwo ohun tó wà nínú wọn, wọ́n sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìbò rere kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn dìbò tán, máàkì àwọn yẹn fi nǹkan bíi 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ. Ìbò kan ṣoṣo o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọlé, ṣé kò jọ ọ́?

Ti ọlọ́jà tún burú jù. Ní eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995 ní Amẹ́ríkà, olùtajà àti oníbàárà jọ ń fún ara wọn ní máàkì ni. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rù ẹ̀san ń bà wọ́n: bí o bá sọ̀rọ̀ mi láìdáa, èmi náà á sọ tìẹ. Lọ́dún 2008, wọ́n gba agbára yẹn kúrò lọ́wọ́ olùtajà, kò lè fún oníbàárà ní máàkì burúkú mọ́. Pàṣán wá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta tòmátì mọ bó ṣe máa ń rí: ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹrù rà, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn yín. Tàbí kẹ̀, “Ẹ dínwó tàbí kí n bà yín lórúkọ jẹ́.” Ìhàlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìbò. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: “Ẹni tó fẹ́ ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò rí rí ńkọ́?” Òótọ́ ni, ó nílò nǹkan tó máa wò. Mi ò ní ká pa ìbò rẹ́. Ká jẹ́ kó ná olùdìbò ní nǹkan ni. Ní Stack Overflow, níbi táwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń dá ara wọn lóhùn, bí o bá dìbò burúkú fún ìdáhùn ẹnì kan, wọ́n á yọ máàkì 2 lára tirẹ̀, wọ́n á yọ 1 lára tìẹ náà. O sì gbọ́dọ̀ ti ní 125 kí o tó lè dì í rárá. Ìyẹn gan-an kò pé (ẹni tó bá tètè dáhùn ṣì ń jẹ èrè níbẹ̀), ṣùgbọ́n wọ́n lè dán ìdáhùn wò lójú ẹsẹ̀. Àwa ńkọ́? Òjò àti ilẹ̀ la máa dúró dè.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu olùtajà níbí, kó sọ ohun tó rà, ìgbà tó rà á, àti ẹni tó gbé e wá, kí ẹni tó tà á náà sì fèsì. Ẹni tó bá ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, kó sọ ìlú tó ti ń dáko àti irú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti fín oògùn sí ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ká kò lọ́dún tó kọjá, láìkì yín kọ́ ni mo fẹ́. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí: kí lẹ wú?