Owó Ìdúró Mọ́tò

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí owó tí à ń san nítorí pé a gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Ẹni tí ó bá mọ Ojú Ẹlẹ́gbà ní Sùúrùlérè mọ bí ibẹ̀ ti rí: afárá lókè, oríta nísàlẹ̀, ọjà Tẹ̀júoṣó kò sì jìnnà. Bí ẹnì kan bá gbé mọ́tò síwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ìyá tí ń ta aṣọ kò ní rí oníbàárà tí yóò dúró. Aláboyún tí ó fẹ́ kọjá yóò sì bọ́ sí àárín títì.

Irú ìyọnu yìí ni ó bí owó ìdúró mọ́tò. Ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi mọ́tò dí iwájú ilé ìtajà títí di ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1935, wọ́n ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ létí títì tí ń gba sẹ́ǹtì 5 fún wákàtí kan. Ẹni tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ gbé mọ́tò kúrò, ẹni tí ó fẹ́ rajà sì ráyè. Àyè ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Nítorí náà, iye tí káńsù yóò dá gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n. Bí ó bá kéré jù, mọ́tò kò ní kúrò. Bí ó bá pọ̀ jù, oníbàárà yóò sá, ọlọ́jà ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ọdún 1998 ka owó ibùdókọ̀ àti ìtanràn ẹni tí ó gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ mọ́ ohun tí káńsù lè gbà. Òfin kan náà ni ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dínà nítorí àtigba owó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀ tí ń mójú tó ìdúró mọ́tò. Bí ẹnì kan bá na ọwọ́ sí yín, ẹ bi í pé: Ta ni ó rán ọ? Níbo ni a kọ iye yìí sí? Rìsíìtì dà?

Ẹ má sọ pé mẹ̀kúnnù kò lè rí nǹkan ṣe. Ní ọdún 2011, káńsù Barnet ní Lọ́ńdọ̀nù sọ owó ìwé àṣẹ tí àwọn ará àdúgbò fi ń gbé mọ́tò sí títì wọn di 100 pọ́n-ùn láti orí 40. Ti àlejò kúrò ní pọ́n-ùn 1, ó di 4. Káńsù fẹ́ fi èrè rẹ̀ san owó iṣẹ́ mìíràn. Ará àdúgbò kan pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù keje ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga dá a láre: a fún káńsù láṣẹ láti ṣètò ìdúró mọ́tò, a kò ní kí ó sọ ọ́ di owó orí.

Òfin tiwọn kọ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀. Kí káńsù kọ iye owó sára pátákó tí gbogbo ojú yóò rí. Kí owó wọ àpò ìlú, kí a sì rí i lára ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti gọ́tà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ yín kí wọ́n tó dá iye, ẹ má dúró dìgbà tí ó bá ti bọ́ tán. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.